Katakata Tó Lọ́ra Jù

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àgùntàn. Ara mi le ní ìlú Hobart níbí. Mo mọ̀ pé mo sunkún lórí fóònù, tí mo ní n óò fi yunifásítì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dààmú. Mo ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́fà. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló kéré jù nínú wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ní katakata àtijọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣètò bí wọn óò ṣe wa katakata wọn tò gba títì lọ sí ìlú Richmond lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo sì fi àwọn katakata tó yára síwájú. Kí a tó gun òkè kìíní tán, wọ́n ti fi Bàbá Clarrie, tí katakata tiẹ̀ lọ́ra jù, nìkan sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè mọ́ ọn.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Bàbá Clarrie tẹkúntẹkún.

“Ta ló kú?”

“Ẹ má bínú, mo ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.”

“O bà á jẹ́ dáadáa! Ìwọ ọmọ àgbẹ̀! Èyí tó lọ́ra jù ló ń ṣíwájú, àwọn yòókù á máa bá a rìn. Ó yá, wá wà á, orúnkún ń dùn mí.”

Mo wà á. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà lódìkejì, gbogbo wọn ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń dúró dè wá. Wọ́n ní kí n kọjá síwájú.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì wá kó ẹrù mi.

Ọmọ yín,
Tamsin