Àwòrán Ìyá Rẹ Kò Ní Sí Níwájú Ìwé Náà

Quentin,

Ìwé ìpolówó aago yín tó ń rán aláìsàn létí oògùn, tí ẹ fẹ́ fi han àwọn olùdókòwò ní San Jose lọ́la, kò tíì jáde. Mo ti yọ àwòrán ìyá rẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Tobias tí ẹ jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Bí àwọn olówó yẹn bá rí Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á sì tọwọ́ bọ àpò."

Mo ní, "Fi ìyá tìrẹ síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá tèmi kẹ̀? Wọ́n á pa mí!"

Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀wé, ẹni tó wà nínú àwòrán ní láti fọwọ́ sí i kí n tó tan ẹ̀rọ. Ìyá rẹ ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló fọwọ́ sí èyí? Obìnrin tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò rí òun láìyarun!

Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ ló wà lórí tábìlì yìí. Àwòrán tìrẹ ló wà níwájú rẹ̀, níbi tí o ti ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ. Bó bá jẹ́ ẹkún lẹ fẹ́ fi tajà, ta tìrẹ.

Pẹ́nì nìyí. Fọwọ́ sí i, màá tẹ ìyókù.

Bàbá rẹ