Yàrá Afọ́jú àti Okùn Kẹrìnlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938, nínú ilé onífèrèsé méjì tó kángun sí odò, ni wọ́n bí Bàbá wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé náà kọjú sí ilé okùn, níbi tí wọ́n ti ń lọ́ okùn fún ọkọ̀ ojú omi àti fún èbúté. Ìyá wọn máa ń sọ pé kí Bàbá tó mọ ojú ènìyàn ni wọ́n ti mọ eruku ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ń lọ́ okùn náà, tó máa ń fẹ́ wọlé láàárọ̀, tí á máa léfòó nínú ìtànṣán oòrùn lókè ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí. Ọmọ náà á nawọ́ sí i, á fẹ́ mú un, kò ní rí i mú. Nǹkan tí wọ́n ṣe títí ọjọ́ ayé wọn nìyẹn.

Ọdún 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì parí ní 1952. A ṣì ní ìwé tí olùkọ́ wọn kọ sí àwọn òbí wọn lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ràn ènìyàn, kò sí ohun tí ẹni náà ṣe tí kò dára lójú rẹ̀, bí ó bá sì ti bínú sí ènìyàn, kò sí ohun tó ṣe tó dára. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ti kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá tán.

Ní 1953, Bàbá wọ ilé okùn gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ilé náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò wọ ibẹ̀ rí. Gbọ̀ngàn gígùn kan ni, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ láti orí dé ìdí, ogójì fèrèsé kéékèèké ní ọ̀tún, ogójì ní òsì. Ẹni tó ń lọ́ okùn á di ìdì ọ̀gbọ̀ mọ́ ìbàdí, á so ẹnu rẹ̀ mọ́ àgbá kan tí ẹlòmíràn ń yí, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn. Bó ti ń rìn ni á máa fi ìka tú ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí okùn á sì máa gùn níwájú rẹ̀. Kì í rí ibi tó ń lọ, ibi tó ti ń bọ̀ nìkan ló ń rí. Bàbá rìn báyìí fún ọdún mẹ́tàdínlógún, láti fèrèsé dé fèrèsé, títí wọ́n fi sọ wọ́n ní Afẹ̀yìnrìn. Ẹni tó kọ́ wọn ni a óò pè ní Ọ̀gá. Ọ̀gá fún wọn ní ọ̀bẹ, ó fún wọn ní oúnjẹ, nígbà tí bàbá wọn sì kú, Ọ̀gá ló dúró ní ipò bàbá.

Ọdún 1962 ni wọ́n gbé Màmá wa níyàwó. Aránṣọ ni Màmá. Wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ wá sí ilé okùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá sì ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, wọ́n tẹ Màmá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá máa ń sọ fún wa pé ẹ̀yìn ọkọ àwọn ni àwọn kọ́kọ́ mọ̀ kí àwọn tó mọ ojú rẹ̀, àti pé ẹ̀yìn náà ni àwọn gbà fún.

Ní 1970 ni wọ́n fi Bàbá ṣe olùyẹ̀wò. Gbogbo okùn tó bá fẹ́ jáde ní ilé náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá. Wọ́n á fi ẹrù kọ́ ọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dijú, wọ́n á jẹ́ kí ó gba àárín ìka wọn kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni olùyẹ̀wò ń sọ: “Ó dára” tàbí “Kò tó.” Èyí tí wọ́n bá ní kò tó, wọ́n á tú u ká. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ọwọ́ Bàbá kò lè ṣìṣe. Síbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ òkú, bí Bàbá bá bá Màmá jà kúrò nílé, okùn á máa túká lọ́tùn-ún lósì ní ọjọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀. Wọ́n á rán ẹnìkan wá ní kùtùkùtù bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ, kó wá wo ojú Màmá. Bí Màmá bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé okùn wọn lọ fún àyẹ̀wò. Bí Màmá bá fajú ro, ara wọn á ṣàdédé máa gbóná títí di ọjọ́ kejì. Ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà, Bàbá fúnra wọn ló ń pa òwe yìí fún wa, tí wọ́n á sì kọ oúnjẹ nítorí iyọ̀.

Ọdún 1976 ni ojú Bàbá là sí ìwà yìí. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó lọ́ okùn ńlá kan fún kíréènì èbúté, ó gbé e wá, ó jókòó ti Bàbá bí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá dijú. Ní àárín okùn náà, ìka wọn kan ibì kan tó rọ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Wọ́n tún padà sí i. Wọ́n la ojú, wọ́n rí Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n sì sọ fún ara wọn pé ẹni tó kọ́ àwọn ní okùn kò lè lọ́ èyí tí kò dára. Wọ́n ní ó dára. Ní ọjọ́ kọkànlá, okùn já ní èbúté, ẹrù já bọ́ lu òṣìṣẹ́ kan, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì lọ.

Bàbá lọ sí ibùsùn ọkùnrin náà ní ilé ìwòsàn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tó rọ̀ náà. Ọkùnrin náà di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ti sọ fún ọ. Ọkàn rẹ ló ní kó dákẹ́.” Bàbá ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún méjìlélógún, títí ó fi kú. Wọ́n di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá dá àṣà tí ilé okùn ń tẹ̀lé títí di òní sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ kúrò lára okùn, kí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i, kí ẹnikẹ́ni tó lọ́ okùn má ṣe wọ yàrá àyẹ̀wò mọ́. Àwọn aláwàdà pe yàrá náà ní Yàrá Afọ́jú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Wọ́n tún ra ìwé kan tí wọ́n pè ní Ìwé Inú. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan okùn kankan láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ bí inú wọn ti rí síbẹ̀. “Inú mi dùn, òjò rọ̀ lóru.” “Inú ń bí mi sí ẹni tó jí bàtà mi gbé.” Ọjọ́ tí inú kò bá dùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á yẹ okùn wò, láàárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n sì fi lélẹ̀ pé bí olùyẹ̀wò bá ti sọ̀rọ̀, tí a sì ti ṣí orúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà mọ́, nítorí orúkọ a máa yí ọkàn padà.

Ìwà yìí ni wọ́n gbé wọ àdúgbò. Wọ́n jẹ́ alàgbà ní ilé ìjọsìn, àwọn ará àdúgbò sì ń gbé ẹjọ́ wá bá wọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: Bàbá kì í gbọ́ ti ẹnìkan láìgbọ́ ti èkejì, wọn kì í sì í dá ẹjọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí wọ́n bá jà dé ọ̀dọ̀ wọn ti kọ́kọ́ jẹun tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, tí ìjà náà á sì ti tutù sínú àwo.

A dé ọdún 1989. Olórí gbọ̀ngàn ìlọ́kùn fẹ̀yìn tì, àwọn mẹ́rìndínlógún sì du ipò náà. Ẹni kọ̀ọ̀kan á lọ́ okùn kan, ẹni tí okùn rẹ̀ bá borí ni yóò jẹ olórí. Ọ̀kan nínú wọn ni àkọ́bí Bàbá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn nínú gbọ̀ngàn náà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lọ́ okùn náà. Bàbá yẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún wò. Nígbà tí wọ́n dé orí kẹrìnlá, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá: “Kò tó.” Wọ́n ṣí orúkọ. Ti àkọ́bí ni.

Èmi tí ẹbí ní kí n kọ ìwé yìí ni àkọ́bí náà. Ẹ foríjì mí, n kò lè kọ apá yìí bí ẹni tí kò kàn. Mo sọ fún Bàbá níwájú gbogbo ènìyàn pé wọ́n mọ̀ pé tèmi ni, pé wọ́n fi mí gba orúkọ olódodo. Bàbá kò ní àwọn mọ̀, wọn kò ní àwọn kò mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àpò méjì, mo wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń lọ́ okùn. Ọdún méjìlá gbáko ni n kò fi bá Bàbá mi sọ̀rọ̀. Màmá ló ń kọ̀wé sí mi, Màmá ló ń ka èsì mi sókè nínú ilé, kí ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ lè gbọ́.

Ní 2001, ara Màmá kò yá, mo sì padà wálé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi ọlọ́dún mẹ́fà. Mo bá jangilófà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, tó so rọ̀ láti orí igi àjà. Wọ́n ti fi aṣọ wé okùn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn àbúrò mi sọ fún mi pé láti 1990 ló ti wà níbẹ̀, àti pé kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ gùn ún láàárọ̀ àfi tí Bàbá bá kọ́kọ́ jókòó lé e. Mo rí i fúnra mi. Àgbàlagbà ńlá, ẹlẹ́ran ara, á jókòó sórí pákó kékeré yẹn, á gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, á dijú, á máa mì lọ mì bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi fẹ́ gùn ún, mo ní kó dúró, mo ní n kò mọ okùn náà. Bàbá wò mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ lẹ́yìn ọdún méjìlá nìyí: “Jẹ́ kó gùn ún. Okùn yẹn dára.”

Mo jẹ́ kó gùn ún. Ọmọ ni mò ń wò, n kò wo okùn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kí ara wa, tí a sì ń jẹun papọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín wa tí a kì í fọwọ́ kàn. Màmá lọ sinmi ní 2014. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá jókòó sínú àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo eruku nínú ìtànṣán oòrùn. Nígbà tí a fi máa padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti lọ. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n.

A rí àwọn Ìwé Inú nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Mo wá ọjọ́ tèmi. Ohun tí Bàbá kọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyí: “Inú mi kò balẹ̀. Nígbà tí mo kan kẹrìnlá, ọwọ́ mi rò pé òun mọ ẹni tó lọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí kí ìfẹ́ má tún tàn mí bí ti Ọ̀gá. Mo wá àléébù títí mo fi rí ohun tí mo pè ní àléébù. Ní ìrọ̀lẹ́ mo tún dì í mú. Okùn náà dára. Èmi ni kò tó. Bí mo bá yí i padà báyìí, wọ́n á ní nítorí ọmọ mi ni. N kò jẹ́ kí wọ́n tú u ká. Mo gbé e wálé.” Láti 1990 títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, ìlà kan náà ló wà nínú ìwé lójoojúmọ́: “Mo jókòó lé e. Ó dára.”

Mo bínú. N kò ní purọ́ níwájú pósí Bàbá mi. Mo bínú pé ìwé ni wọ́n sọ fún, wọn kò sọ fún mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí jangilófà náà, mo dijú, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Olóògbé fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: àkọ́bí obìnrin tí ń lọ́ okùn, ọkùnrin kan tí ń tọ́jú eyín, àti àbíkẹ́yìn obìnrin tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọmọ-ọmọ méje, tí gbogbo wọn gun jangilófà náà, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kanlẹ̀ lórí rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ nílé okùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tú okùn náà sílẹ̀ láti orí igi àjà. Mo fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, mo gbé e lọ sí Yàrá Afọ́jú láìfi orúkọ sí i, mo sì dúró síta bí gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin tó ń yẹ okùn wò báyìí kò mọ ibi tó ti wá. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ láti inú ilé pé, “Ó dára.”

Okùn yẹn ni a óò fi gbé Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lónìí, yóò gba abẹ́ pósí kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní já. Sùn re o, Bàbá Afẹ̀yìnrìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ dijú, mo ti dì yín mú.