Má Jẹ́ Kí Amimo Rì

Abúlé wa, létí adágún,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Awino, ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, kó bá ọ nínú àlàáfíà, bó bá sì bá ọ lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀ ní Nairobi yẹn, níbi tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé o ń fi nǹkan bo àyà rẹ tí òtútù máa ń mú láti kékeré? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn apẹja lórí omi ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ má gbàgbé pé orí ilẹ̀ ni tìrẹ wà. Bàbá rẹ kí ọ. Eékún wọn ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ṣe ohùn wọn, bí o ṣe máa gbọ́ níwájú.

Má bínú pé mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, owó ìpè á tán níbi tí mo bá ti ń kí ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ Amimo inú ìwé rẹ lára, ṣé kì í ṣe bírò ló mú tó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mo ní bí Amimo tí kò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá lè kọ lẹ́tà, èmi tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, kí ló dè mí lọ́wọ́.

Ìwé rẹ yẹn ti rìn jù mí lọ ní abúlé yìí. Bí a bá ti ń ṣa omena wa, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, lórí àwọ̀n tí a sá a sí, èmi á jókòó lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, màá máa kà á, màá máa yí i sí èdè wa fún àwọn obìnrin yòókù. Ọjọ́ tí mo ka ibi tí bàbá Amimo kú sómi, tí àwọn ọkùnrin ní èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ ọkọ̀ apẹja, tí ọmọ náà gbé àjẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wọ inú ọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó rántí omena mọ́, ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀ yó. Pilista tí ọkọ rẹ̀ kú fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìdọ̀tí ẹja ni àwọn tó ń bá a wa ọkọ̀ náà máa ń gbé wá fún un pé ohun tí omi fún àwọn nìyẹn. Ó dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá wọn wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ní adágún á bínú. Ó ní Amimo ti jókòó sínú rẹ̀ ṣáájú òun, adágún ò sì sá lọ. Ọjọ́ náà ni a wá mọ̀ pé ẹja ńláńlá wà nínú omi wa. Bàbá rẹ fi ọ̀rá wé ìwé náà, wọ́n ń gbé e kiri etíkun, wọ́n ń fi àwòrán rẹ tó wà lẹ́yìn han àwọn èèyàn, wọ́n ní ọwọ́ Awino ló kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí tó fi rò ó, ọ̀dọ̀ tàwọn ló ti mú un.

Ó ti tó. Jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jókòó. Benta ìyàwó Ouma àbúrò rẹ ti bímọ. Obìnrin ni, ó pupa bí ẹyìn, ara ìyá le, ara ọmọ le. Nígbà tó ṣì lóyún, Benta máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń kàwé, bí mo bá sì ti dé ibi tí wọ́n ń tukọ̀, ọmọ á máa ta nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Bí a ṣe bí i tán, ẹkún ló bẹ̀rẹ̀, kò mu ọmú, kò sùn. Ìwọ náà mọ ilé wa, òkú tó bá fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pe ọmọ kò ní jẹ́ kó sinmi títí wọ́n á fi dárúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe Nyangweso ìyá wọn, nítorí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí Ouma ti gbéyàwó. Ọmọ fi ẹkún dá wọn lóhùn. Wọ́n pe Dolina, wọ́n pe Aloo, wọ́n pe àǹtí wọn tó kú sí Kisumu tí a kò fẹ́ràn. Ẹkún. Benta tó ti rẹ̀ pátápátá fi orí ti ògiri, ó ní, Amimo jàre, tukọ̀ yìí dé èbúté fún wa.

Awino, ọmọ náà dákẹ́. Ó la ojú, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó mú ọmú.

Bàbá rẹ ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n tún pe Nyangweso, ọmọ na gbogbo ọrùn rẹ̀ sókè, ó ké. Benta pe Amimo, ó dákẹ́. Wọ́n ṣe é títí mo fi sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún pe ìyá wọn, èmi ni n óò sunkún. Ìgbà yẹn ni wọ́n jókòó tí wọ́n sọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n ní a kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ ní ìdílé àwọn, pé kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá Amimo yìí ti kú.

Mo ní ìyẹn ò le, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé, lábẹ́ àwọn ìlà dúdú bí ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ pátá, ó gùn díẹ̀ ju tiwa lọ, mo ní bóyá bí ti Nairobi ṣe rí nìyẹn. Obìnrin kan tó ní ìwà pẹ̀lẹ́ gbé e, ó ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo kí i, mo ní ìyá Awino ni, kò dáhùn, ohun tó sọ náà ló tún sọ. Bàbá rẹ ní ẹ rí i pé kò sí. Mo wá ṣí iwájú ìwé, ibi tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, mo rí i kà pé gbogbo àwọn èèyàn inú ìwé yìí kò jẹ́ ẹni tó wà láàyè, wọn kò sì jẹ́ ẹni tó ti kú. Bàbá rẹ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó parí, ẹni tí kò wà láàyè tí kò sì kú, bébà ni, àwọn ò ní fi bébà sọ ọmọ ọmọ àwọn.

Dani Rosbella, ìyá àgbà wa, àǹtí bàbá rẹ tó ku ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ wọn, ti jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó sọ̀rọ̀ Amimo fún ọ. Mo ní ìwọ fúnra rẹ ló sọ fún mi pé o ń fọ aṣọ lọ́wọ́ ni, ó kàn yọ sí ọ lọ́kàn, ó ń sọ̀rọ̀, kò jẹ́ kí o sinmi títí o fi fi aṣọ sílẹ̀ lọ mú bírò. Dani lu itan wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo ni àwọn aláìlórúkọ ṣe ń wá? Ẹni tí kò sí láàyè tí kò sì kú, ṣebí ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan wà nílé yìí ṣáájú ìyá Nyangweso tí ẹnikẹ́ni ò ka orúkọ wọn mọ́, ọ̀kan nínú wọn ló lọ bá Awino ní Nairobi nítorí ó rí i pé ọmọ náà mọ̀wé, ó gba ibẹ̀ wálé. Wọ́n wá kọjú sí bàbá rẹ, wọ́n ní ìwọ tí ò ń pe Nyangweso, Nyangweso, ìyá rẹ yẹn tí kì í jí kí oòrùn tó yọ, ṣé òun ló máa lè sunkún báyìí?

Bàbá rẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè sí àǹtí wọn. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ṣì wà, òun ló sì ń ba èmi náà. O sọ fún mi nígbà tí o pè kẹ́yìn pé ìwé kejì ti ń lọ, pé ìjì máa jà, ọkọ̀ Amimo á sì rì, nítorí àwọn tó ń tẹ̀wé ní ikú rẹ̀ á pa àwọn òǹkàwé lẹ́kún. Bàbá rẹ ní bí Awino bá pa á ní Nairobi, ibí ni a ó ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, orí ọmọ tuntun sì ni orúkọ òkú ojú omi á wà. Wọn kò ní pa àkùkọ ìsọmọlórúkọ títí ìdáhùn rẹ á fi dé. Àkùkọ náà wà lábẹ́ agbọ̀n, ó ń jẹ àgbàdo wa.

Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó gúnlẹ̀. Jẹ́ kí ìjì jà, mi ò ní kó má jà, èmi náà fẹ́ kà á. Jẹ́ kí àjẹ̀ ṣẹ́, kí omi wọlé, kó fi igbá gbọ́n ọn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan iyanrìn. Bí ẹkún ni àwọn tó ń tẹ̀wé fẹ́, kí wọ́n wá síbí, a ní i nílẹ̀.

Nǹkan kan tún kù. Gbogbo ọdún tí o ti wà ní ìlú ni mò ń yọ ọ́ lẹ́nu ọkọ àti ọmọ, bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá sì ti bi mí, màá wo ilẹ̀. Lónìí wọ́n bi mí. Mo gbé orí sókè, mo ní ọmọ mi ti rán èèyàn wálé. Orúkọ ẹni tí ọmọ bá jẹ́ ni ẹni tó jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìwọ lo sì bí Amimo, nítorí náà Benta ló ń fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò máa pè ní ìyá.

Fi ṣúgà ránṣẹ́, àti ọṣẹ, àti aṣọ òtútù kékeré fún un, àti owó díẹ̀ tí a ó fi ra àgbàdo tí àkùkọ ti jẹ. Ọ̀sán ni kí o fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù o, nítorí ilé ẹni tó ń bá wa gba iná sí i ni fóònù mi ń sùn, owó tó bá wọlé lóru, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ló sùn nìyẹn.

Ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé kò ní gbọ̀n. Ohun tó bá yọ sí ọ lọ́kàn, ire ni yóò máa jẹ́. Ojú omi tó bá ru sí ọ, wàá kọjá rẹ̀. Tètè wálé, ọmọ rẹ ti mọ ohùn mi bí mo bá ń kàwé, tìrẹ ló kù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Risper, ìyá ìyá Amimo.