Ẹ̀bẹ̀ Tó Wà Nínú Fáìlì

Tyrrelstown,
Dublin 15.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlákẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ò ń jẹun, àbí kọfí lásán lo fi ń ka ìwé òfin? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, torí ó gùn. Àwa níbí ò ṣàìsàn. Orúnkún mi ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ ní Coolock, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú níbẹ̀ ò sì tíì fẹ́ kí n sinmi. Dádì rẹ kí ọ. Ó ṣì ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ fún.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "I'm grand, Mam," pé o wà dáadáa, èmi náà á ní ó dáa, a ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí a ti ń ṣe láti ọjọ́ Àjíǹde nìyẹn. Ohun tó wà nínú mi báyìí, èdè tí mo fi bí ọ nìkan ló lè gbé e. Orí tábìlì kíṣìnì yìí náà ni mo ti kọ́ ọ ní a, b, d, tí o ń sunkún pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wà níta tí wọ́n ń ṣeré. Jẹ́ kí ẹkún ìgbà yẹn wúlò lónìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó nira jù. Nígbà tí o wá sílé lọ́jọ́ Àjíǹde, o sọ fún wa pé o ti dara pọ̀ mọ́ àwọn agbẹjọ́rò tó fẹ́ kí wọ́n yí òfin kan padà ní Amẹ́ríkà níbi tí o ti ń kàwé. Òfin náà ní bí èèyàn mẹ́ta bá jọ lọ jalè, tí ọ̀kan nínú wọn bá pa èèyàn, gbogbo wọn ló pa á, títí kan ẹni tó jókòó sínú mọ́tò níta. O ní níbí ní Ireland, wọ́n ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ tì kí wọ́n tó bí èmi pàápàá. Mo ní kí ló kàn ọ́ nínú ẹ̀. O ní, "Mọ́mì, inú mọ́tò ni Jeremiah wà, kò yìnbọn." Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ẹni tó bá ń gba ẹjọ́ Jeremiah rò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní àbúrò Dàmọ́lá. O kó àwọn àwo tí a fi jẹun, o fọ̀ wọ́n, o sì gòkè lọ sí yàrá rẹ. Mo jẹ̀bi, Fọlákẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lo jẹ́ nígbà tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ lo sì ń po tíì fún gbogbo àwọn tó wá kí wa. Àwọn òbí ò fẹ́ràn láti máa bẹ ọmọ, èmi gan-an ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, má fi sọ́kàn.

Òfin tí ẹ jà fún ti wọlé, o mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé lóṣù kẹjọ, lẹ́tà kan dé bá wa láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba tó ṣe ẹjọ́ Dàmọ́lá. Wọ́n tún gbogbo ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé a ti gbàgbé: pé lóṣù kejì ọdún 2009, àwọn géńdé méjì wọ ṣọ́ọ̀bù ilé epo tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀kan nínú wọn yìnbọn pa á, pé Jeremiah, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló wa mọ́tò gbé wọn wá tó sì dúró dè wọ́n. Ẹ̀wọ̀n gbére tí wọ́n dá fún ẹni tó yìnbọn náà ni wọ́n dá fún un. Lẹ́tà náà ní òfin tuntun ò kan ẹni tó yìnbọn, ṣùgbọ́n Jeremiah ti ní kí adájọ́ tún ẹ̀wọ̀n òun wò, wọn yóò sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Wọ́n ní kí ìdílé olóògbé sọ tẹnu wọn. A lè gbà, a lè ta kò ó, a sì lè dákẹ́.

Má rò pé mi ò tẹ̀ lé àríyànjiyàn yẹn o. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí òfin náà, mo máa ń wo àwọn aṣòfin yín lórí fóònù tí mo bá ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ọ̀kan dìde, ó ní tí wọ́n bá yí i padà, ẹ̀rù ò ní ba olè mọ́, àwọn tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù ni yóò sì jìyà rẹ̀. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn dìde, ó ní kí kálukú gba ìyà ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ tún wá ní gbogbo òbí àwọn tí wọ́n pa ló ta ko òfin tuntun yìí, mo bi fóònù pé ta ló rán an ní tèmi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wá bi mí, bírò ni mo gbé kí n kọ ọ́ pé mo ta kò ó. Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mẹ́rìndínlógún ni pé wọn ò wá bẹ̀ wá. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí ọmọ ẹnì kan bá ṣe irú èyí, kíá ni àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ á ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọn ò sì ní dìde títí wàá fi dá wọn lóhùn. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Nígbà tí èmi àti Dádì rẹ lọ sí kóòtù lọ́dún 2010, mo ṣe kòńgẹ́ ìyá Jeremiah ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Obìnrin dúdú bíi tèmi ni, ó wọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú. Ó rí mi, ó sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi pé àwọn èèyàn náà ò nítìjú, mi ò sì yéé sọ ọ́ títí di ọdún yìí.

Mo wá rò ó pé kí n tó kọ nǹkan kan, ó yẹ kí n rí ẹnì kan bínú sí. Mo tẹ ọ́fíìsì náà láago. Obìnrin tó gbé e ní sùúrù. Mo bi í pé ìdílé tó ń wá ojú àánú lọ́wọ́ mi yìí, ṣé ẹnu wọn ò lè sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" láti ọjọ́ yìí wá ni? Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó wá ní, "Mà, ọgbọ̀n lẹ́tà ló wà fún yín níbí." Ó ní Jeremiah ń kọ ọ̀kan lọ́dọọdún, ìyá rẹ̀ náà ń kọ ọ̀kan. Adájọ́ ti kà á léèwọ̀ fún wọn láti bá wa sọ̀rọ̀ tàbí kọ̀wé sí wa tààrà, nítorí náà ọ́fíìsì ni wọ́n ń kó o fún. Ọ́fíìsì ló yẹ kó bi wá bóyá a fẹ́ gbọ́ tiwọn. Ó ní wọ́n bi wá. Ó ní fọ́ọ̀mù náà wà níwájú òun, ti ọdún 2010, mo sì fi àmì sí "Rárá."

Fọlákẹ́, mo rántí fọ́ọ̀mù náà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fàmì sí i. O ti pẹ́ láàárín òyìnbó, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá bẹ̀ ọ́, wàá ní rárá, o tiẹ̀ lè má ṣílẹ̀kùn. Wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá, wọ́n á mú ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ dání. Nígbà tí mo sọ pé rárá, ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n tún padà wá. Mo wá jókòó sí Tyrrelstown níbí, mò ń retí wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba rárá mi bí mo ṣe kọ ọ́, wọ́n sì fi sínú fáìlì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní tí mo bá fẹ́ yí i padà, kí n fi ímeèlì kan ránṣẹ́. Ìlà kan péré ni mo kọ.

Àwọn lẹ́tà náà dé nínú àpòòwé ńlá kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà wọ́n. Ti Jeremiah ìbẹ̀rẹ̀ bí mi nínú, torí ohun kan náà ló ń sọ: inú mọ́tò lòun wà, òun ò mọ̀ pé wọ́n mú ìbọn dání. Nígbà tó di ìkeje, ó ní, "Mo ti ń kọ ọ́ sí yín pé inú mọ́tò ni mo wà. Mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Ká ní mo kọ̀ láti wa mọ́tò náà ni, ọmọ yín ì bá wà láàyè." Kò sì kọ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Dàmọ́lá ló ń béèrè. Kí ló ń kà ní yunifásítì? Ṣé ó ní àbúrò? Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè yẹn, mo rántí ohun tí mo sọ sí ọ, mo sì pa lẹ́tà náà dé fún ọjọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ ò kọ ju ìdajì ojú ewé lọ rí. Nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní agbẹjọ́rò ló kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọ́dọ̀ wò mí ní kóòtù, kí wọ́n má bàa ní òun ń halẹ̀ mọ́ mi. Ó ní nígbà tí òun rí mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, òun ò mọ ibi tí òun lè gbé ojú sí, òun wá gbé e sí ògiri. Nínú òmíràn, ó ní òun máa ń lọ wo ọmọ òun lẹ́yìn gíláàsì, tó bá sì fẹ́ máa dun òun pé òun ò lè fọwọ́ kàn án, òun á rántí mi, ojú á sì ti òun.

Dádì rẹ ka mẹ́rin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé èèyàn láti Ongar lọ sí àárín ìlú, mi ò mọ ohun tó wà nínú báàgì ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ pé wọ́n ń lọ jalè. Jeremiah mọ̀." Ó ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó ni wọ́n ń dá fún olè?" Ó jáde lọ gbé ike ìdọ̀tí wọlé.

Ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà ìyá Jeremiah ni nọ́ńbà fóònù wà, nọ́ńbà kan náà láti ọdún 2011. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́, mo jókòó sínú mọ́tò mi, mo pè é. Ó gbé e. Mo ní èmi ni ìyá Dàmọ́lá. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Mà, mi ò gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ń lọ síwájú adájọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní mo ti yí fọ́ọ̀mù náà padà, kò séwu. Ó tún ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì pa fóònù. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń wá mi, ìgbà tí mo wá pè é, kò lè gbọ́ ohùn mi nítorí ọmọ rẹ̀. Mo sunkún nínú mọ́tò yẹn, Fọlákẹ́, tirẹ̀ ni mo sì ń sun. Mi ò rò pé mo lè ṣe irú ẹ̀ láéláé.

Mo ti fi èsì mi ránṣẹ́. Mi ò sọ fún adájọ́ pé Jeremiah ò ṣe nǹkan kan, torí ó ṣe é, òun náà sì mọ̀. Mo kọ ọ́ pé kì í ṣe òun ló pa ọmọ mi, pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti lò tó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ Dàmọ́lá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò pa á. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yìnbọn, mi ò tíì lè sọ ọ́, má bi mí. Agbẹjọ́rò ìjọba ṣì lè jà á, adájọ́ sì lè ní òun ò gbà. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Ìwọ nìkan lo wà ní Amẹ́ríkà nínú wa, nítorí náà wọ ọkọ̀ òfuurufú kí o lọ sí kóòtù náà lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n á fún ọ láyè lọ́dọ̀ ẹbí olóògbé. Jókòó síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ni, àyè rẹ sì ni. Tí wọ́n bá ti parí, ì báà jẹ́ pé adájọ́ gbà tàbí kò gbà, dìde kí o lọ bá ìyá Jeremiah. Kò ní wá bá ọ, torí náà má dúró dè é bí mo ṣe dúró. Kúnlẹ̀ kí i bí o ṣe máa ń kí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, má ṣe kúrò. Sọ fún un pé ìwọ ni àbúrò Dàmọ́lá, ìyá rẹ ló rán ọ, ó ní a ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ìwé tí ò ń kà yìí, wàá fi jẹun, wàá sì fi gba aláìlágbára sílẹ̀. Wàá rí ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ. Ilé tí o bá wọ̀, wọ́n á gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀, ẹnu mi ò sì ní lé ọ jìnnà sí mi mọ́, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì bí Dàmọ́lá,
Morọ́láyọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Tí adájọ́ bá dá Jeremiah sílẹ̀, jọ̀wọ́, má pè mí lọ́jọ́ náà. Inú mi á dùn fún ìyá rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ ló ń bọ̀ wálé. Jẹ́ kí n fi ọjọ́ náà sunkún tèmi. Pè mí lọ́jọ́ kejì. Màá gbé e.