Ẹ̀rí Tí Bàbá Mi Jẹ́ Láì Fojú Rí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ìyá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà Akẹ̀sán, ẹ kú wàhálà àwa ọmọ. Mo kí Ìyá Àgbà tí wọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí sí wọn létí jọ̀ọ́ gbóhùn sókè díẹ̀. Mo kí Bùrọ̀dá Kàmọ́rù àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti àwọn ọmọ ilé kéwú tí wọ́n jókòó síwájú Bàbá. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé jókòó sọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù, tí mo wá gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn bá dá ní gbangba, gbangba náà ni yóò ti ṣe túúbá. Irọ́ tí mo pa kì í ṣe irọ́ kọ̀rọ̀. Inú fídíò ni mo pa á sí, fídíò náà sì wọ fóònù àwọn èèyàn láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà. Ara mi le, alhamdulillahi. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò lójú àánú. Ní ìgbà mìíràn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, èèyàn yóò sì ti ibi iṣẹ́ dé yàrá láìrí ẹni tí yóò kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ wọn pè mí, èmi náà a sì dá wọn lóhùn. Èmi tí n kò sí nílé láti bu omi ìwẹ̀ fún Ìyá Àgbà tèmi. Iṣẹ́ gidi ni, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn wá nígbà tí mò ń bọ̀, èyí tí ó ní ọgbà àti ilé ńlá oníbíríkì pupa, kì í ṣe tiwọn. Yàrá mẹ́rin péré ni tiwọn, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní a ó máa kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. A kò fojú kan ọsibítù. Wọ́n ní bí a bá ṣetán, orúkọ wa yóò wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ṣetán, mo kọ̀wé sí àwọn tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbí. Wọ́n fèsì pé àwọn kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà rí, pé ohun tí mo kà níbẹ̀ kò lè sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì. Ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà náà, bọ́ọ̀sì mi sì dé, ó lọ, n kò mọ̀.

Ibi tí ó yẹ kí n ti figbe ta nìyẹn. N kò figbe ta, ojú ń tì mí. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wá pè mí, ó ní òun rí i pé mo mọ̀rọ̀ọ́ sọ, pé kí n máa bá òun dá àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń béèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà lóhùn, òun yóò máa fún mi ní nǹkan. Mo gbà. Wọ́n wọ aṣọ nọ́ọ̀sì sí mi lọ́rùn, wọ́n gbé mi dúró síwájú ilé tí kì í ṣe tiwa, wọ́n ní kí n fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Mo kí àwọn ará ilé, mo ní èmi ni Sàfúrà, ọmọ Alfa, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bàbá, kò sẹ́ni tí ó ní kí n dárúkọ yín. Èmi ni mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ kò ní wádìí mọ́.

Bí ọmọ kan bá wá bi mí pé ṣé òun yóò di nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ti kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ. N kò gbọdọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò gbọdọ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí n ṣáà ní gbogbo àwọn tí wọ́n jáde lọ́dọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Ìgbẹ́ arúgbó tí mò ń nù náà, ṣebí iṣẹ́ ìtọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ní irọ́ nínú tí a bá dì í mú, irọ́ sì ni láti òkè dé ilẹ̀.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́rìí ohun tí wọn kò fojú rí. Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wá, tí ọ̀rẹ́ yín bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣáà sọ pé ẹ mọ ibi tí ààlà náà wà. Ẹ ní ẹ gbọ́ ni, ẹ kò rí. Ọ̀rẹ́ yín bínú, ó sì pẹ́ kí ó tó tún bá yín dúró ní sààfù ìrun kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá láti ọ̀nà jíjìn, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, pé kí ẹ wá ṣe ẹlẹ́rìí bí àwọn bá fẹ́ rà tàbí fẹ́ tà.

Ara wọn ni Ìyá Débórà, oníbàárà Ìyá, tí wọ́n ti ń kó gàrí láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Akẹ̀sán kí n tó wọ ilé-ìwé. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá wa kì í ṣàìdé ọ̀dọ̀ wọn, ìrẹsì Kérésì wọn kì í ṣàìdé ilé wa. Wọ́n gbé fídíò mi wá bá yín pé ṣé kí àwọn rán Débórà lọ síbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ìyá ló sọ fún mi lórí fóònù, inú wọn sì ń dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá sọ pé, "Mo jẹ́rìí sí i. Ọmọ mi wà níbẹ̀." Bàbá, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ jẹ́ láì fojú rí, èmi ni mo jẹ́ kí ẹ jẹ́ ẹ. Mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mo sunkún títí ẹni tí a jọ ń gbé fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹni tí a jọ ń gbé náà, ilé wọn kò jìnnà sí Sábó. Ó ní kí n má dárúkọ òun. Fídíò mi ló gbé e wá ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí ó mọ òótọ́, kò bú mi; ó kàn dẹ́kun pípè mí ní àǹtí. Lóṣù tó kọjá, ìyá rẹ̀ kú. Kò lè wá sílé, nítorí bí ó bá jáde báyìí, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó padà wọlé. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ fún un pé ohun tí ìyá náà ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bẹ̀ wọ́n wò, títí wọ́n fi dákẹ́, ni pé, "Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bọ̀, òun ló máa mọ ohun tó ń ṣe mí." Ó sọ èyí fún mi láì wojú mi, ó sì padà sídìí abọ́ tí ó ń fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi iṣẹ́ ọ̀gá yẹn sílẹ̀. Mo ní kí ó yọ fídíò náà kúrò. Ó yọ ọ́ níbi tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo wá pe Débórà fúnra rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó wá ní, "Àǹtí Sàfúrà, ẹ ti débẹ̀ tán, ẹ wá ń dínà mọ́ wa. Bàbá ti jẹ́rìí sí i." N kò bínú sí i. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ẹ̀yin ni n ó gbà gbọ́.

Ìyá Débórà ti rí ẹni tí yóò ra oko kajú tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀ fún wọn. Lópin oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe é, ẹ̀yin ni wọ́n sì ní kí ẹ wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bí oko náà bá ti lọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ nìyẹn, Débórà náà lọ nìyẹn.

Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí oko náà tó di títà, ẹ jókòó síwájú Ìyá Débórà, kí ẹ sọ pé ẹ gbọ́ ni, ẹ kò rí. Ẹnu tí ó jẹ́ ẹ̀rí náà nìkan ni ó lè gbà á padà. Ẹ sọ fún Débórà pé bí ó bá ṣì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, kí ó má béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má béèrè lọ́wọ́ irú mi tí ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò. Àwọn tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni kí ó kọ̀wé sí, kí ó tó san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò sọ̀rọ̀. Ojú yóò tì yín, n kò sì sí nílé láti bá yín pín in. Ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ipò tí mo wà tẹ́lẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ojú yín wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri, ọmọ ẹnìkan ni wọ́n o.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ìyá, ẹ má sunkún púpọ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí Ó fi àlùbáríkà sí ọjọ́ orí yín, kí Ó má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé ara wa.

Bàbá, bí ẹ bá débẹ̀, wọn yóò bi yín pé kí wá ni ọmọ yín ń ṣe ní òkè òkun. Ẹ sọ pé mo sọ pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Ẹ má jẹ́rìí sí i. Ẹ ṣáà ní, ohun tí ó sọ nìyẹn.

Ọmọ yín,
Sàfúrà.