Omi Ẹja Kàmál àti Omi Kànga Wa

Kàmál ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó bá ọ nílé, kí ó bá Azeezat ìyàwó rẹ, kí ó sì bá àwọn ẹja náà. Mo mọ̀ pé àwọn ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí, nítorí mo ti rí ẹni tó jẹ́ àgbà nílé yín, ṣùgbọ́n àṣà ò tíì gbà mí láyè. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín, òjò tó ń bọ̀ kò sì ní wọ pálọ̀ yín. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Ara ìyá rẹ le, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn ún, màá ṣàlàyé ìyẹn tó bá yá.

Látìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ káàkiri abúlé. Mo ní inú gíláàsì ni àwọn ẹja ń gbé, wọn ò ju ìka lọ, a kì í sì í jẹ wọ́n. Mo ní ìwọ fúnra rẹ lo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì, páìpù, òwú, yanrìn àti èédú ṣe ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi wọn tọ̀sán-tòru. Nígbà tí iná lọ tí o sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, mo rò pé torí tèmi ni, mo ní kí o má ṣèyọnu, atẹ́gùn ojú fèrèsé tó mi. Azeezat ló rọra sọ fún mi pé kí àwọn ẹja lè mí ni.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ lójú ìyàwó rẹ. Nígbà tí ẹ wọ yàrá lọ, mo ti ìka bọ omi náà, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Àánú rẹ ṣe mí, pé pẹ̀lú gbogbo làálàá yẹn ẹ̀rọ rẹ ò mú iyọ̀ kúrò. Àfi bí mo ṣe rí àpò iyọ̀ ńlá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí Azeezat ní òkè òkun lẹ ti rà á, pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń dà á sínú omi tó dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rán ọ lọ sí yunifásítì.

Ọ̀fẹ́ ni iyọ̀ tiwa níbí. Látìgbà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì ti da yanrìn dí àbàtà, tí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà omi wá láti ọ̀sà, kànga tí o mu dàgbà ti di iyọ̀. Ìyá rẹ kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́. Ọṣẹ kì í hó. Àjàh ni ìyá rẹ ti ń ra omi mímu nínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ̀kẹ́ á já a sílẹ̀ létí títì, á sì ru ú rin ìyókù nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn dídùn náà ti wá. A ò sọ ọ́ lórí fóònù, torí gbogbo ìgbà tí a bá pè ọ́ lo máa ń ní ò ń bọ́ ẹja lọ́wọ́.

Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, mo sì ti da tèmi sórí ẹ̀kọ́ rẹ. Ni mo bá ṣe irú ẹ̀rọ rẹ. Mo lo ike ọ̀dà, yanrìn, èédú ìdáná ìyá rẹ, mo sì tú òwú inú pílò mi. Omi tó jáde mọ́ débi pé Bọ̀sún aládùúgbò wa rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ mu. Ó mu ife náà tán, ó ní ó dùn, pé ọmọ òun mọ̀wé. Mo wá mu tèmi. Iyọ̀ ni, Kàmál. Obìnrin yẹn mu odindi ife omi iyọ̀ kí ojú má baà tì ọ́, ìwọ tí o ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bọ̀sún ní tí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó jìn kọjá iyọ̀ yìí, a óò rí omi dídùn. Bá wa wá owó rẹ̀. Bí kò bá sì rọrùn, mo mọ̀ pé ẹbí tó wà lọ́rùn rẹ pọ̀, kó àwọn ẹja náà wá sílé. Omi tó mọ́ tó sì níyọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, òun náà la ní. Kí èmi àti ìyá rẹ wá gba àyè wọn lọ́dọ̀ rẹ. A ò ní pọ́n ọ lójú, a máa ń mí láìsí jẹnẹrétọ̀.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú ẹja.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọdúnjọ