Ààwẹ̀ Bàbá àti Oògùn Ojú Wọn

Òkukù, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì, 1994

Ẹ̀rù ń bà mí. Dókítà ní Ìkìrun ní oògùn asaikilofíà ni kò ní jẹ́ kí ìléròrò tó yọ sẹ́bàá ojú Bàbá ba ẹyinjú wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n máa mumi dáadáa, kí oògùn náà má baà ba kíndìnrín wọn jẹ́. Bàbá lò ó ní sààrì, wọ́n tún gbààwẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mumi. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn.”

“Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀fun.”

Wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ lónìí. Nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ wọn dàrú. Wọ́n ń pè mí ní Àṣàkẹ́, orúkọ ìyá mi tó ti kú.

Mo rántí ohun tí dókítà sọ nípa kíndìnrín, mi ò fún wọn lóògùn mọ́. Àbúrò mi ti lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa padà sí Ìkìrun.

Wọ́n tún pe Àṣàkẹ́. Mo jẹ́ ìpè náà, kí wọ́n lè gba omi lọ́wọ́ mi.